Èsì: Ta ló ní tíì dúdú?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Àbá tó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa pe oríṣiríṣi tíì ní Yorùbá ni pé kí a fi àwọ̀ sọ wọ́n lórúkọ: tíì funfun, tíì aláwọ̀ ewé, tíì dúdú. Mo fara mọ́ méjì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń mu tíì láti kékeré, tí ìyàwó mi ń ráhùn pé ewé ti gba kọ́bọ́ọ̀dù òun tán, mi ò lè gba "dúdú" yẹn wọlé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wo ewé gbígbẹ tí wọ́n pè é ní dúdú. Àwọn ará Ṣáínà wo inú ife ní tiwọn, wọ́n pè é ní hóngchá, ìyẹn tíì pupa. Ẹ da omi gbígbóná sórí Lipton, ẹ má fi mílíìkì sí i, kí ẹ wá gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Pupa rúsúrúsú ni. Tíì dúdú gan-an sì wà: hēichá ni Ṣáínà ń pè é. Ara rẹ̀ ni pu-erh ti ẹkùn Yunnan, tí wọ́n ń kó jọ gègèrè, tí wọ́n ń bu omi wọ́n kó lè kan bí ògì ṣe ń kan. Bí a bá fi "dúdú" fún Lipton, kí la fẹ́ pe èyí?

Ẹni tó ní kí a lo "kan" yìí fún ohun tó ń yí ewé gbogbo wọn padà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Igi kan náà, Camellia sinensis, ni gbogbo wọn ti wá. Bí wọ́n bá já ewé tán tí wọ́n tètè yan án nínú agbada, tàbí tí wọ́n fi oru omi sè é bíi ti Jàpáánì, á dúró ní àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá jẹ́ kó rọ, tí wọ́n lọ́ ọ mọ́ra, tí wọ́n fi í sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á yí àwọ̀ padà, bí iṣu tí a bó tí a ò tètè rẹ sómi. Kò kan rárá, ó pọ́n ni. Nítorí náà, tíì pípọ́n ni tèmi. Oolong tí wọ́n dá dúró lágbedeméjì, tíì àìpọ́ntán. Bó bá gùn jù lẹ́nu yín, kí oolong máa jẹ́ oolong.

Ní ti "ewé tíì", ìyẹn ti ní olówó orí. Ẹ rán ọmọ lọ já ewé tíì lẹ́yìnkùlé, koríko ọba ni yóò já wá. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí tí wọ́n ń gbìn lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba ní ewé igi tíì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣe. Àgbo là ń sè, Milo là ń pò, ewé tíì rírẹ ni. Ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara páálí tíì aláwọ̀ ewé ti Jàpáánì, tó kọ "sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta", kó tún un kọ: omi tí kò ju 80°C lọ, kó sì rẹ ẹ́. Bí wọ́n bá sè é, kíkorò rẹ̀ kò ní ṣe é gbé mì.