Èsì: "àyẹ̀wò ìdí" àti "ilẹ̀ ìbàdí" kò lè dúró

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Lánàá ni ẹ̀gbọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun tí a ó máa fi pe àyẹ̀wò fùrọ̀ àti iṣan rẹ̀ ránṣẹ́ fún ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún àwọn tí kò lè dá ìgbẹ́ dúró mọ́: "àyẹ̀wò ìdí", "ilẹ̀ ìbàdí", "ìtì-bàlúù-jáde", "àyẹ̀wò ìgbọn". Ẹ kú làálàá, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìdí ọ̀rọ̀, ìdí ọ̀pẹ, ìdí iṣẹ́: kí ni "àyẹ̀wò ìdí" fi yàtọ̀ sí ìwádìí? Èyí tó burú jù ni pé bí ẹ bá sọ fún abiyamọ pé ìdí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, jẹ̀díjẹ̀dí ni ọkàn rẹ̀ máa lọ sí, ọ̀dọ̀ alágbo ló sì máa gbà lọ. Bẹ́ẹ̀, ó fàya nígbà tó ń bímọ ni, iṣan tó ń pa fùrọ̀ dé sì já. Àgbo kò lè so iṣan tó já. Sikáànù tí wọ́n ń ti inú fùrọ̀ ṣe ló ń fi ojú ibẹ̀ hàn, yálà iṣan inú tó ń dé fúnra rẹ̀ ni, tàbí ti òde tí àwa fúnra wa ń fún.

Ní ti "ilẹ̀ ìbàdí", ìyẹn àwọn iṣan tó gbé ìfun ró nísàlẹ̀ ikùn, Òyìnbó ló pe tirẹ̀ ní ilẹ̀ (pelvic floor). Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí pé ilẹ̀ wà nínú ara ènìyàn? Èyí tó ṣe kókó nínú àwọn iṣan náà bẹ̀rẹ̀ lára egungun iwájú ìbàdí, ó gba ẹ̀yìn ìfun ìsàlẹ̀ yí ká, ó padà síwájú. Bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já gba ẹ̀yìn ọmọ, tó ń so ó níwájú, gẹ́lẹ́ ni. Bí a bá ń mú ìgbẹ́ mọ́ra, iṣan náà á le. Bí a bá jókòó láti yàgbẹ́, á dẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tó yẹ kó dẹ̀ ló ń le sí i, wọ́n á fi agbára tì í títí, ìgbẹ́ kò ní jáde. "Iṣan ọ̀já" ni kí a pè é.

Ní ti "ìtì-bàlúù-jáde", bàlúù ni ọkọ̀ òfurufú, ẹ̀gbọ́n! Rọ́bà kékeré ni wọ́n ń fi sínú ìfun, wọ́n á bu omi 50 mílílítà sí i, aláìsàn á jókòó kó tì í jáde. Ìṣẹ́jú 1 sábà máa ń tó ẹni tí ara rẹ̀ dá. "Títì rọ́bà jáde" ti tó.

Èyí tó dùn mí jù ni "ìgbọn" tí kò ní àmì, tí ẹnì kan tún ń gbè é lẹ́sẹ̀ pé gbólóhùn tó wà nínú rẹ̀ á jẹ́ ká mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Rárá o. Eruku là ń gbọn, ọlọ́gbọ́n ló gbọ́n, ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n mí! Odindi àyẹ̀wò kan wà nínú gbọ̀n yẹn: wọ́n á máa fẹ́ rọ́bà orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun, wọ́n á bi aláìsàn pé ìgbà wo ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, ìgbà wo ni kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ìyá ìyá mi tó ń gbẹ̀bí ní Ìsẹ́yìn kò rí ọ̀pá yẹn rí, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ fún abiyamọ rèé: "Ṣé o ń mọ̀ bóyá ìsó ni tàbí ìgbẹ́?" Ìbéèrè yẹn náà ni mo ń túmọ̀ fún àwọn àgbàlagbà wa nílé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ́nù báyìí.

Ẹni tó ní "fùrọ̀" kò bójú mu, pé ká lo "ẹ̀yìn", kó gbọ́: nígbà tí Frederick Salmon, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, dá ilé ìwòsàn tó di St Mark's lónìí sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù lọ́dún 1835, ó kọ àrùn ibẹ̀ sínú orúkọ ilé náà gbangba. Bàbá kan tí mo sọ "ẹ̀yìn" fún, ńṣe ló ká ẹ̀wù sókè tó ń fi eegun ẹ̀yìn rẹ̀ han nọ́ọ̀sì.

Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún iṣan yìí ní Òǹdó tàbí Àkókó, ẹ kọ ọ́ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i.