Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tá a fi ń pe ẹni tó ń tún nǹkan ṣe láwùjọ

Ọmọ Ìgbògbò:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá wa máa pé ẹni ọdún 75 lóṣù tó ń bọ̀, Ìgbògbò níbí, Ìkòròdú, atẹ̀wé sì ní kí n mú gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé ètò wá kó tó di Tọ́sìdeè. Abẹ́ orúkọ bàbá ni mo há sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kọ "ajìjàgbara", mo ní rárá, torí láyé ìsìnyí tí wọ́n bá ti gbọ́ ajìjàgbara, àwọn tó ń bèèrè Orílẹ̀-èdè Yorùbá ló máa wá sí wọn lọ́kàn. Ohun tí bàbá ṣe ni pé nígbà tá a kó dé àdúgbò yìí, ayálégbé ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nípàdé, obìnrin ńkọ́, kódà kó jẹ́ òun ló nilé, ẹ̀yìn ló máa jókòó sí. Bàbá ló dìde tó ní owó gọ́tà tá à ń dá yìí, ṣé ayálégbé kì í dá a ni? Wọ́n bá a fà á fún ọdún mẹ́ta, alága ìgbà yẹn tiẹ̀ ní kó má wọ ìpàdé mọ́. Mo ṣì rántí ìwé àpò sìmẹ́ńtì tó fi ń gba orúkọ àwọn tó fara mọ́ ọn, bírò ò hàn lórí ẹ̀ dáadáa, ó wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìwé fi lu. Nígbẹ̀yìn wọ́n gbà. Obìnrin ni akápò wa báyìí. Kí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Tíṣà Sábó:
Ẹ kú ìmúra, Ọlọ́run á jẹ́ kí bàbá rí ọjọ́ náà o. Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ajàfẹ́tọ̀ọ́, ìjà wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ wà níbẹ̀, ìyẹn bá ẹni bíi Gani Fawehinmi mu, tó ń gbé ìjọba lọ sí kóòtù títí tó fi kú lọ́dún 2009. Ajìjàgbara, ẹni tó fẹ́ bọ́ lábẹ́ ẹlòmíì ni. Alátùn-únṣe ò fẹ́ bọ́ kúrò níbì kan, inú ilé náà ló wà tó ń tún un ṣe. Èmi á mú alátùn-únṣe. Afẹ́nifẹ́re náà dùn, àmọ́ látìgbà tí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ ti ń jẹ́ ẹ ní 1951, òṣèlú ló ń rán èèyàn létí.

Màmá Ẹ̀pẹ́:
Tíṣà, mi ò fara mọ́ gbogbo ẹ̀ o. Ẹni tí wọ́n lé nípàdé tí ò sì padà lẹ́yìn, ó jà, ẹ má fi alátùn-únṣe bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tó tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì tórí owó orí, tí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949, ṣé àtúnṣe lásán nìyẹn? Àwọn àgbẹ̀ 1968 ńkọ́, ìyà ni wọ́n kọ̀, òun náà ni wọ́n fi jẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí ìjà hàn níbẹ̀ jàre.

Àáfà kékeré:
Níbi wáàsí lọ́dọ̀ wa l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, mùjáddíd la máa ń gbọ́, ẹni tó sọ ẹ̀sìn dọ̀tun, bíi Usman dan Fodio. Ti ẹ̀sìn nìyẹn ṣá o, ẹ má kọ ọ́ sórí ọ̀rọ̀ gọ́tà.

Ará Àgbádárìgì:
Ẹnì kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ kọ "Atúnlùúṣe". Ẹ má dán an wò o. Oyè ni lọ́pọ̀ ìlú, ààfin ló ń fi jẹni, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ láìjẹ ẹ́, àwọn ìjòyè máa bèèrè lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ ìnáwó gan-an. "Aṣàtúnṣe àdúgbò" ò ní wàhálà.

Ọmọ Ìgbògbò:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àtẹ̀yin màmá. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún akápò wa lórí fóònù láàárọ̀ yìí, ayálégbé ni òun náà nígbà yẹn, orúkọ ẹ̀ wà lórí ìwé sìmẹ́ńtì yẹn. Ó ní àwọn tí ń pe bàbá ní nǹkan kan láàárín ara àwọn tipẹ́, pé "agbọ̀ràndùn wa" ni. Èmi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Mo ti kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ bàbá, mo wá fi "alátùn-únṣe àdúgbò" tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ìjà tí màmá sọ ẹ̀gbọ́n mi á fi sínú ìtàn bàbá lójú ìwé kejì, pẹ̀lú ọdún mẹ́ta yẹn.