Owó tí mo fi lé e nítorí i7

Ẹ̀yin ará, tèmi rèé.

Ní 2021, àbúrò mi ọkùnrin wọ yunifásítì, ó ní òun nílò láptọ́ọ̀pù. Owó èésú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni mo mú dání tí àwa méjèèjì fi gba Ìkẹjà lọ.

Tòkunbọ̀ méjì ni wọ́n gbé síwájú wa. Ọ̀kan i5, èkejì i7, ìyẹn orúkọ ọpọlọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin tó ń tajà fi aṣọ nu ojú i7 náà, ó fi èékánná kan sítíkà ẹ̀bá kíbọọ̀dù, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, i7 rèé o!" Méje ju márùn-ún lọ, kí ni mo tún fẹ́ bèèrè? Mo fi náírà 25,000 lé owó i5, mo gbé i7.

Bí àbúrò mi bá ṣí fídíò pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tó ń tẹ̀, fáànù á máa kùn bí oyin, ojú ẹ̀ á sì dá gbọin. Nígbà tí Windows 11, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, jáde lóṣù kẹwàá, ó ní kọ̀ǹpútà wa kò kún ojú òṣùwọ̀n.

A gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Wọn ò tilẹ̀ tú u. Wọ́n ní kí n ka orúkọ tó ń jẹ́ tán, kí n má dúró lórí i7. Mo kà á: i7-4600U. Wọ́n ní 4 tó ṣíwájú yẹn ló ń sọ ìran tó ti wá, ìran kẹrin, ti 2013. Kọ́ọ̀, ìyẹn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ náà, méjì péré ló ní.

Àbúrò mi bá fa fọ́tò tó yà ní ṣọ́ọ̀bù yọ lórí fóònù, ó fi ìka fẹ̀ ẹ́. Lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ èyí tí a fi sílẹ̀, i5-8250U ni wọ́n kọ. Ìran kẹjọ, 2017, kọ́ọ̀ mẹ́rin, Windows 11 ì bá sì gbà á. Ó dùn mí wọ egungun.

3, 5 àti 7 tó ń tẹ̀lé i yẹn, ipò láàárín àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ìran kan náà ni. Mọ́tò tòkunbọ̀, ta ló ń rà á láì bèèrè ọdún? Àní kí a tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì la ti ń bèèrè. Ṣùgbọ́n tó bá kan kọ̀ǹpútà, sítíkà la ń gbà gbọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n bá ọmọ àwọn ra tiẹ̀. Mo ra i3-1215U. Inú bí wọn: "i3 lásán lo fi owó mi rà?" 12 ló ṣíwájú nínú nọ́ńbà rẹ̀: ìran kejìlá ni, ti 2022, kọ́ọ̀ mẹ́fà ló sì ní. Àbúrò mi gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ṣí fídíò pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tó ń tẹ̀, ó tẹ́tí sí fáànù. Kò dún.