Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ fún aláṣọ ní Kábbà

Ọmọ Owé: Òkun o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ń ta aṣọ. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá ń bá a sọ. Ọ̀rọ̀ mélòó ni kó máa kọ́ lójúmọ́?

Tíṣà Ìsánlú: Márùn-ún ti tó. Gbólóhùn odidi ni kó kọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán: "How many yards do you want?", "I don't have change." Kó kọ Gẹ̀ẹ́sì sápá kan ìwé, Yorùbá sápá kejì, kó fọwọ́ bo Gẹ̀ẹ́sì, kó sọ ọ́ sókè. Kó tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ keje.

Ìyá Mọ́pà: Ẹ kìlọ̀ fún un nípa "yá". Èdè wa kò ya fífúnni àti gbígbà sọ́tọ̀, àmọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, "lend" ni ti ẹni tó ń fúnni, "borrow" ni ti ẹni tó ń gbà. "Borrow me your scissors" kò tọ̀nà; "lend me" ni. "Ó" náà ń dani láàmú: "he" fún ọkùnrin, "she" fún obìnrin, "it" fún aṣọ.

Ọmọ Owé: "Mò ń bọ̀" ńkọ́, tó bá fẹ́ lọ gba ṣéńjì?

Tíṣà Ìsánlú: "I'll be right back." Gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́ "I'm coming", àmọ́ àjèjì á rò pé ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ òun ni. "Òkun" tí àwa fi ń kíni ní tirẹ̀, ẹ má wulẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. "Good morning" ti tó.