Ta ló ti bá ẹni tó yè bọ́ lọ́wọ́ Násì pàdé lójúkojú? Ẹ wá sọ tiyín

Bọ̀dé_Skokie:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Yunifásítì tí ọmọ àbúrò mi ń lọ níbí ṣe fíìmù kan nípa bàbá Júù kan tó wọ Auschwitz, ibùdó tí àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì ti ń pa Júù, lọ́mọdé, tó sì jáde láàyè. Àwọn ọmọ iléèwé ló gbé kámẹ́rà fúnra wọn. Níbi ayẹyẹ fíìmù àwọn Júù ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn, èmi náà lọ. Nígbà tó parí tí iná tàn, àṣé bàbá ọ̀hún wà níjokòó iwájú, ó ń wá ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú òyìnbó, ta ló ti bá irú wọn pàdé?

Ìyá Ìbejì:
Pàdé kẹ̀? Èmi ti wẹ̀ fún wọn rí, mo ti bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Ilé arúgbó àwọn Júù ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí mo dé London. Màmá kan wà níbẹ̀, ọmọ Hungary. Ó ti ń ṣarán. Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń sọ látọjọ́ pípẹ́ ti ń sá lẹ́nu rẹ̀, èdè ìlú rẹ̀ nìkan ló kù. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo máa bá búrẹ́dì nínú ìrọ̀rí. Ó máa wé e sínú tíṣù, á tún fi ìbọ̀sẹ̀ wé e lé e. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ kó o dànù lọ́jọ́ kan nítorí eku. Màmá kígbe títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá fi yé wa pé kí a má ṣe kó ti àná láìjẹ́ pé a fi tòní síbẹ̀ lójú rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀.
Ti ìwẹ̀ ló wá le jù. Tí omi ṣáwà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ látòkè báyìí, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yàgò. A wá lọ ra bàsíà àti kànìnkànìn. A ó fọ ẹsẹ̀ lónìí, a ó fọ ẹ̀yìn lọ́la.

Àlàó1:
Kí ló dé tó ń sá fún ṣáwà?

Tíṣà_Ìlọrin:
Àlàó, gáàsì olóró ni. Àwọn Násì á sọ fún àwọn èèyàn pé wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀ ni, wọ́n á ní kí wọ́n bọ́ṣọ, ilé gáàsì ni wọ́n ń kó wọn lọ. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje ọdún 1944, wọ́n kó Júù tó lé ní 430,000 kúrò ní Hungary, Auschwitz ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ. Àwọn tí wọ́n rí i pé wọ́n lágbára, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ fún iṣẹ́. Ṣáwà gidi ni wọ́n fi wẹ̀ fún àwọn wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ ohun tó máa jáde látòkè.

Àlàó1:
Háà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì:
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ṣé a máa ń sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn síta báyìí? Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn o.

Ìyá Ìbejì:
Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò dárúkọ ilé, màmá náà sì ti sùn ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.

Sísí_Peckham:
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Èmi ṣe iṣẹ́ òru nírú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá wa lẹ́kọ̀ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, ẹ má wọ bàtà tó ń ró, ẹ má ní kí wọ́n tò sórí ìlà fún oògùn. Àmọ́ wàhálà tèmi ò sí lọ́dọ̀ àwọn arúgbó, kíṣìnnì ló wà. Mo gbé ẹ̀gúsí elédé wá láti ilé, mo fẹ́ gbé e sí makirowéfù. Olùdáná bá na ọwọ́ méjèèjì dí mi lọ́nà!

Ọmọ_Ẹlẹ́ja:
Edé ò ní lẹbẹ, kò ní ìpẹ́, Júù ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ó wà nínú Léfítíkù. Ẹja àrọ̀ náà ò wọlé.

Sísí_Peckham:
Panla ńkọ́?

Ọmọ_Ẹlẹ́ja:
Panla ní ìpẹ́, ó wọlé. Àmọ́ ìkòkò rẹ ńkọ́? Ṣé kò tíì rí ṣàkì rí?

Sísí_Peckham:
Ìkòkò mi ti rí gbogbo nǹkan 😂

Bọ̀dé_Skokie:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀.

Ojú_Lalákàn:
Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ṣé fíìmù yìí ò ti pọ̀ jù? Ọdọọdún! Àwọn kan ní àsọdùn wà níbẹ̀. Màmá kan tí mo mọ̀ ní Brooklyn ní òun náà yè bọ́, mo wo apá rẹ̀, kò sí nọ́ńbà kankan.

Tíṣà_Ìlọrin:
Auschwitz nìkan ni wọ́n ti ń fín nọ́ńbà sí èèyàn lára. Ẹni tó wà ní ibùdó Bergen-Belsen láìgba Auschwitz kọjá ò ní. Ẹni tó sá pamọ́ sínú igbó ò ní. Àwọn tí wọ́n kó tààrà lọ sínú gáàsì pàápàá, ta ló fẹ́ fi yíǹkì ṣòfò lé wọn lórí? Ní ti àsọdùn, àwọn Násì fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 1942 ni wọ́n ṣe ìpàdé ní Wannsee, nítòsí Berlin, lórí bí wọ́n ṣe máa pa àwọn Júù run, àkọsílẹ̀ ìpàdé náà wà títí dòní. Nígbà tí Eisenhower, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, dé ibùdó Násì ní Ohrdruf ní oṣù kẹrin ọdún 1945, ó ní kí àwọn aṣòfin àti àwọn oníròyìn wá fojú ara wọn rí i. Ó mọ̀ pé irú yín ń bọ̀.

Ojú_Lalákàn:
Irú wa kẹ̀? Mo kàn béèrè ni.

Ìyá Ìbejì:
Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń gbọn èérún búrẹ́dì yẹn kúrò nínú ìrọ̀rí. Béèrè dáadáa.

Káyọ̀_LA:
Ẹ̀gbọ́n Ojú_Lalákàn, ìdí tí fíìmù náà fi pọ̀ ni pé àwọn tó yè bọ́ ń kú lọ. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 sọ pé bíi 245,000 ló kù láyé. Láti 1979 ni wọ́n ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀ ní New Haven, Yunifásítì Yale ló ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Spielberg tó ń ṣe fíìmù dá Shoah Foundation, àjọ tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, sílẹ̀ ní 1994. Láti 2006 ló ti wà lábẹ́ Yunifásítì USC níbí, àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn lé ní 55,000. Ti àwọn Tutsi tó yè bọ́ nínú ìpakúpa ilẹ̀ Rwanda náà wà níbẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n á gbé arúgbó kan sáàárín kámẹ́rà rẹpẹtẹ, wọ́n á bi í ní bí ẹgbẹ̀rún ìbéèrè fún ọjọ́ mélòó kan. Tí o bá wá dé mùsíọ̀mù lẹ́yìn náà, ìwọ á béèrè, àwòrán rẹ̀ á dá ọ lóhùn. Mo bi ọ̀kan bóyá ó ṣì gba Ọlọ́run gbọ́. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ nu orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ kó tó fèsì. Ọmọdékùnrin tó wà lẹ́yìn mi bi í pé oúnjẹ wo ló fẹ́ràn jù, ó dá ìyẹn náà lóhùn!

Àlàó1:
Ará ọ̀run kìnkin! Egúngún oníná mànàmáná rèé o.

Sísí_Peckham:
😂😂 Àlàó, o ò ní pa mí.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì:
Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ o. Tí mo bá kú, ẹ jẹ́ n sinmi.

Mosún_Berlin:
Tèmi ò jẹ́ èèyàn, òkúta ni. Níbí, wọ́n máa ń ri òkúta onídẹ kékeré mọ́lẹ̀ níwájú ilé tí àwọn tí Násì ṣe ní jàǹbá gbé kẹ́yìn, orúkọ àti ọdún á wà lára rẹ̀. Mo rí ti Bayume Mohamed Husen. Ọmọ Dar es Salaam ni, ó jagun fún Jámánì nínú ogun àgbáyé kìíní. Wọ́n tì í mọ́ ibùdó Sachsenhausen, ibẹ̀ ló kú sí ní 1944. Ní 1937 náà, ní Rhineland lápá ìwọ̀ oòrùn Jámánì, wọ́n fi tipátipá sọ àwọn ọmọ tí bàbá wọn jẹ́ sójà dúdú ilẹ̀ Faransé di ẹni tí ò lè bímọ. Mi ò gbọ́ èyí rí kí n tó dé ìlú yìí.

Ojú_Lalákàn:
Èyí ni kí wọ́n lọ ṣe fíìmù lé lórí. Ta ló ń gba ohùn àwọn tiwa sílẹ̀?

Akéwì_Cotonou:
Wọ́n ti ṣe é tipẹ́, ẹ ò kàn wá a ni. Oluale Kossola, ọmọ agbègbè Bantè ní Benin níbí, Yorùbá pọ́ńbélé. Àwọn ọmọ ogun Dahomey mú un, wọ́n tà á lẹ́rú ní Ouidah, ọkọ̀ ẹrú Clotilda gbé e dé Alabama ní 1860. Ní 1928, Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kámẹ́rà lọ bá a nílé rẹ̀ ní Africatown. Bàbá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà yẹn. 1935 ló tó kú.

Káyọ̀_LA:
Mo ti rí i. Kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, ó ń la igi ìdáná.

Ojú_Lalákàn:
Yorùbá Benin kì í kúkú ṣe Yorùbá tiwa.

Akéwì_Cotonou:
Tún un sọ kí Kétu gbọ́.