Ampilifáyà mi tó ń kùn: ó ti dákẹ́ o

Ẹ rántí pé mo ní ampilifáyà mi máa ń kùn "hùùù" tí mo bá ti so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo ki gbogbo ẹ̀ bọ extension kan ṣoṣo bí ẹ ṣe sọ, ó dínkù àmọ́ kò lọ. Ìgbà tí mo wá yọ wáyà díìṣì lẹ́yìn dikódà, mo fetí lé sípíkà, kẹ́kẹ́ pa! Earth (wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) ti di ọ̀nà méjì, ti plọ́ọ̀gì àti ti wáyà díìṣì, iná 50Hz (iná ilé) wá ń gba wáyà ohùn kọjá. Ground loop isolator (ẹ̀rọ kékeré tó ń gé ọ̀nà earth kejì yẹn) tí mo fi sáàárín wáyà RCA, ìyẹn wáyà ohùn, ló yanjú ẹ̀ pátápátá.

Ẹni tó ní kí n gé ẹsẹ̀ earth plọ́ọ̀gì, ẹ jọ̀ọ́ mi ò ṣe é, torí bí iná bá lọ kan irin ara ẹ̀rọ, èèyàn ló máa gbé. Ó ku sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá kejì, oníná ní wáyà earth ẹ̀ ò kan ibì kankan, á wá so ó Sátidé. Ẹ ṣé gan-an.