Ṣé òtútù àyà lè mú àgbàlagbà láìsí ibà?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀fìnkìn líle mú màmá mi, ẹni ọdún 74, ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ara wọn ti ń mókun kí ikọ́ tó tún dé, pẹ̀lú kelebe tó ki. Wọn kì í fẹ́ jẹun mọ́, oorun ni wọ́n ń sùn ṣáá, ní òwúrọ̀ yìí wọ́n sì fi orúkọ àbúrò wọn tó ti ṣaláìsí pè mí. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Nítorí pé ara wọn kò gbóná, ẹ̀gbọ́n mi ní kí a jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Nọ́ọ̀sì kan: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Omi tàbí ọyún ló máa ń kún àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró, tí èémí kò fi ní í tó èèyàn. Ara ọ̀dọ́ sábà máa ń gbóná, a gbọ̀n rìrì, àyà a sì máa gún un bó bá mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni tó ti lé ní ọdún 65, iyè tó ṣàdédé ń ra lè ṣáájú gbogbo ìyẹn, ibà sì lè má yọjú rárá. Ikọ́ tó padà lẹ́yìn ọ̀fìnkìn yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ wo bí àyà wọn ṣe ń gòkè, kí ẹ ka èémí wọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àgbàlagbà tó ń sinmi máa ń mí bí ìgbà 12 sí 20. Bó bá tó 30, tàbí tí ètè wọn ń ṣe bí aró, pàjáwìrì ni. Kódà bí kò tó bẹ́ẹ̀, ti iyè yẹn nìkan tó láti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.

Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn: Ẹ má fún wọn ní oògùn tó ṣẹ́kù nílé o. Ohun tí a ṣe fún bàbá mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sìgá ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ṣòfò. Oògùn tó ń pa bakitéríà kò ran fáírọ́ọ̀sì.

Olùbéèrè: Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, 32 ni. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ nígbà tí mo ka ìkejì, àwọn náà ló sì lọ gbé ọkọ̀ wá. A ti ń lọ, mo kó àwọn oògùn àtọ̀gbẹ wọn dání.